Kí Ló Ṣe Ilẹ̀ Yín?

Ilé Ìkàwé Ìlú,
Wesketuck, Massachusetts.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin.

Bàbá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Mo nírètí pé orí ìjókòó ni lẹ́tà yìí bá yín, kì í ṣe orí ibùsùn, pé orúnkún ọ̀tún tó ń yọ yín lẹ́nu nígbà ọyẹ́ ti gba ìpara tí Àǹtí Abẹ́jẹ́ fi ránṣẹ́, àti pé òjò àkọ́rọ̀ ti kí Ìpetumodù. Ní tiwa níbí, ara le, ọpẹ́ ni. Màmá mi ní kí n kí yín. Yìnyín ti yọ́ tán, ṣùgbọ́n òtútù kò tíì kẹ́rù.

Ọkàn mi nìkan ni kò sí níbi tí mo wà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó, tí mo tún ń lọ sójú fèrèsé. Gbọ̀ngàn ìlú wà ní òdìkejì títì, mo sì ń rí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní bá lù tí Ọ̀gbẹ́ni Gardner Pell kò bá gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé pẹ̀lú ìwé ẹjọ́, bàbá arúgbó kan tó ń sùn lórí àga nínú ilé ìdáná yóò rí yàrá sùn. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù nìyẹn, kóòtù ibí kì í sì í kánjú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò: bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, bóyá ojú á yéé sá sí ilẹ̀kùn.

Ẹ bi mí nínú lẹ́tà yín pé irú ìgbìmọ̀ wo ni wọ́n fi ọmọdé bíi tèmi sí, ẹ sì ní kí n fi Yorùbá ṣàlàyé, kí n má fi òyìnbó bò yín mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mẹ́tàdínlógójì fa ẹ̀wọ̀n kiri oko àti ìlú tí ẹ ń wọn ilẹ̀, ó máa tètè yé yín. Òfin ìlú yìí ní kí ilé jìnnà sí ààlà aládùúgbò ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá lè pa òfin náà mọ́ á wá bẹ ìgbìmọ̀ wa pé ká yọ̀ǹda fún òun. Àwa la lè ní kó kọ́ ọ, àwa náà la lè ní kó má kọ́ ọ. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀. Èmi ni adelé wọn: bí ẹnìkan ò bá sí, wọ́n á ní kí n jókòó. Ẹni mẹ́rin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ kó tó di gbígbà. Ẹni tí a bá sì kọ̀ fún, ọdún méjì gbáko ni kò fi ní lè gbé ọ̀rọ̀ kan náà padà wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Odette Furtado, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Òun ló ń gbé mi lọ, tó ń gbé mi bọ̀, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méje títí mo fi jáde. Bàbá rẹ̀ ni Anselmo, tó wá láti erékùṣù àwọn Potogí nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó sì fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja. Láti ọdún tó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ àtẹ̀gùn. Yàrá méjèèjì tó wà nílé wọn, òkè ni wọ́n wà, ilé náà sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí páálí ìṣáná. Odette fẹ́ so yàrá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ péré ni yóò ṣẹ́kù sí ààlà Ọ̀gbẹ́ni Pell, aládùúgbò wọn, fèrèsé yàrá tí Pell ti ń jẹun àárọ̀ sì kọjú síbẹ̀ gan-an.

Ìjókòó àkọ́kọ́ wáyé nínú oṣù kejì, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí irin tó ń mú ilé gbóná ti máa ń lù gan-an-gan-an bí ẹni ń rọ ọkọ́. Ẹnìkan nínú wọn ń ṣàìsàn. Ẹnìkejì ní ìbátan òun ni Odette, ó dìde kúrò bí òfin ṣe wí. Ó wá ku mẹ́rin pẹ̀lú èmi adelé: alága wa, Winslow Thacher, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, Ìyáàfin Priscilla Hoxie, tó kọ́ ìlú yìí ní ìṣirò fún ogójì ọdún, Leland Bearse, oníṣẹ́ páìpù, tí kì í sọ̀rọ̀, àti èmi. Mẹ́rin ló jókòó, mẹ́rin la sì nílò. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá mi orí, ó parí. Mo sọ ọ́ ní gbangba pé Odette ló fi bọ́ọ̀sì gbé mi dàgbà, bóyá ó yẹ kí n dìde. Thacher ní, "Ta ni Odette ò gbé rí níbí? Tó bá jẹ́ tìyẹn ni, àga nìkan ló máa jókòó síbí. Jókòó, jàre."

Odette kò gba lọ́yà. Ó ní òtítọ́ ò nílò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ó kó fọ́tò wá: àtẹ̀gùn, àga ilé ìdáná, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wú. Ó ka ìwé dókítà. Ó ní, "Ọkùnrin tó ti dúró nínú ìjì lórí òkun, ṣé ẹ máa wá jẹ́ kó máa sun oorun ìjókòó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì?" Àwọn èèyàn ń nu ojú. Èmi náà ń wo òrùlé kí tèmi má bàa já bọ́. Ìgbà náà ni Ìyáàfin Hoxie yọ awò ojú rẹ̀, tó ní, "Odette, ọ̀rọ̀ bàbá ẹ dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, kí ló ṣe ilẹ̀ yín?"

Bàbá àgbà, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so kọ́. Òfin ní a lè yọ̀ǹda fún ẹni tó bá wà nínú ìnira. Ṣùgbọ́n ìnira tí òfin ń wí, kì í ṣe ti èèyàn. Ti ilẹ̀ ni. Àìsàn kò sí nínú rẹ̀, ogbó kò sí nínú rẹ̀, àìní kò sí nínú rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní àbùkù: kó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó rí wọ́kọwọ̀kọ, kó jẹ́ àbàtà, lọ́nà tí ilẹ̀ àwọn tó yí i ká kò gbà rí, débi pé onílẹ̀ ò lè kọ́lé síbi tí òfin fẹ́. Ẹni tí ara ń ni lè sunkún títí di ọ̀la níwájú wa, bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti dára, ọwọ́ wa dè.

Odette ò mọ èyí. Ó gbọ́ ìbéèrè náà bí èébú ni. Ó na ara ró, ó ní, "Ilẹ̀ wa? Kí ló máa ṣe ilẹ̀ wa? Ilẹ̀ wa ò ṣe nǹkan kan! Kò sí èyí tó dáa tó o ní gbogbo òpópónà yẹn. Ẹ̀yin náà ti jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀, Ìyáàfin Hoxie, ẹ má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Hoxie ò rín. Ó yí ìbéèrè náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bó sì ṣe ń yí i ni Odette túbọ̀ ń yin ilẹ̀: àjàrà ibẹ̀, ẹ̀wà ibẹ̀, tòmátì tó tó orí ọmọ tuntun. Gbogbo ìyìn yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń dí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀ pa, búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Níwájú ìgbìmọ̀ wa, àfi kí onígbá pe igbá rẹ̀ ní pàǹtí kí wọ́n tó lè ṣàánú rẹ̀.

Pell dìde láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, kì í pariwo, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ó ní, "Alága, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ dìbò." Thacher wo Odette, ó bi í pé ṣé kò fẹ́ ká sún ọ̀rọ̀ síwájú kó lọ rò ó sí i. Odette rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré. "Ẹ dìbò! Ta ló ń bẹ̀rù?" Ẹ̀rù bà mí dípò rẹ̀. Mo nawọ́, mo ní, "Alága, mi ò rí ẹ̀yìn ilé náà rí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dìbò lórí ilẹ̀ tí mi ò tẹ̀. Ṣé a lè kọ́kọ́ lọ wò ó?" Leland Bearse ní, "Òótọ́ ni." Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn lé mi kiri. Ẹni tó bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ohun tí a bá gbọ́, ní gbangba la gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni Odette ń wá sí ilé ìkàwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín iṣẹ́ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, tó ń ka ìwé ìròyìn, tó ń mu tíì. Bí mo bá ti rí fìlà rẹ̀ lójú fèrèsé, mo sá wọ yàrá tí a ń kó ìwé tó ya sí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. "Ìbídùn! Ṣé torí wọ́n gbé ọ sórí àga ni ojú ẹ ò ṣe rí mi mọ́? Èmi tí mo máa ń dúró dè ẹ́ tó o bá gbàgbé ìbọ̀wọ́ sílé?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mi ò lè sọ̀rọ̀ ni." "Kí lo ò lè sọ?" "Ohun tí mi ò lè sọ náà ni mi ò lè sọ." Ó pòṣé, ó gbé ife rẹ̀, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Gbólóhùn kan ni ì bá là á: sọ̀rọ̀ ilẹ̀, má sọ̀rọ̀ bàbá ẹ mọ́. Ó wà lẹ́nu mi, ó ń gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí iná, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan la lọ wo ilẹ̀ náà. A ti lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú, nítorí náà ẹnikẹ́ni ló lè wá. Pell dúró sí ìhà tirẹ̀ ní ààlà, ó káwọ́ gbera. Anselmo jáde pẹ̀lú ọ̀pá méjì, inú rẹ̀ ń dùn pé àwọn èèyàn wá wo ọgbà òun. Ó ní, "Wá wo ẹ̀fọ́ tó la òtútù já, ọmọ mi. Yìnyín bò ó lóṣù méjì, kò kú." Lóòótọ́, ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀ mùjẹ̀mùjẹ̀. Ìyáàfin Hoxie mú ọ̀pá irin kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé àjàrà dúró. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Odette, ó ki í bọlẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, níbi tí òfin ì bá ti gba yàrá láyè. Kò wọlé ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Kàn-ín! Ó sún síwájú. Kàn-ín! Ó dé ìdí àjàrà. Kàn-ín! Ó wá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá sí, ọ̀pá sì rì wọlẹ̀ títí dé ọwọ́ rẹ̀.

Odette la ẹnu sílẹ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò mọ̀ ọ́n rí láyé. Mo bi bàbá náà, níwájú gbogbo èèyàn, pé, "Bàbá, kí ló wà lábẹ́ ọgbà yìí?" Ó wò mí bíi pé mo ja aṣọ lára rẹ̀. "Ilẹ̀ ni. Kí lo tún fẹ́ kó jẹ́? Ilẹ̀ ni! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa gún ilẹ̀ mi kiri? Ẹ máa lọ sílé yín." Ó yí padà, ó fi ọ̀pá méjèèjì rin ìrìn tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbà. Odette fẹ́ máa bi wá ní ìbéèrè. Ìyáàfin Hoxie ní, "Ọjọ́rú, aago mẹ́fà. Sọ fún bàbá ẹ pé ìbéèrè mi ò tíì yí padà." Mo ti béèrè ohun tó tọ́, àmọ́ ojú tí bàbá yẹn fi wò mí kò kúrò lójú mi.

Ọjọ́rú dé. Odette wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Anselmo tẹ̀ lé e, nínú àwọ̀lékè dúdú tó wọ̀ lọ sin ìyàwó rẹ̀. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni di òun mú títí tó fi dé iwájú tábìlì wa. Ó ní, "Ẹ bi ọmọ mi pé kí ló ṣe ilẹ̀ wa. Ọmọ mi ò mọ̀. Ìyá ẹ̀ pàápàá kú láìmọ̀. Òkúta ni mo rà."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì ti tábìlì. Irin tó ń mú ilé gbóná ń lù. "Ìgbà yìnyín ni wọ́n tà á fún mi. Gbogbo nǹkan funfun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo rò pé ohun tó bá wà lábẹ́ yìnyín, ilẹ̀ náà ni. Ìgbà tó yọ́, àpáta gbalasa, bí ẹ̀yìn àbùùbùtán. Mo sì ti kọ̀wé sílé pé mo ti ra oko. Àna mi ti ka ìwé náà fún gbogbo abúlé. Kí ni kí n wá sọ? Mo ń jí, mo ń kó ewé òkun létí omi, mo ń kó ìfun ẹja ní èbúté, mo ń kó iyẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ títì, garawa méjì, garawa méjì. Ọdún mẹ́ta kí ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo tó hù. Ìgbà tí ìyàwó mi fi máa dé, ọgbà ló bá. Ó ní, 'Anselmo, ilẹ̀ ẹ dáa.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí lẹ bá sọ?" Ó gbé ojú sókè sí Ìyáàfin Hoxie. "Ó dáa. Ilẹ̀ mi ò dáa. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn?" Ohùn Ìyáàfin Hoxie lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí kì í rẹ ohùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Furtado. Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Pell tún dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá wọ òun lára, ṣùgbọ́n òkúta ṣeé fọ́. Kí wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, kí wọ́n kọ́ yàrá sẹ́yìn ilé, kí wọ́n fi fèrèsé òun lọ́rùn sílẹ̀. Leland Bearse, tí kì í sọ̀rọ̀, wá bẹ̀rẹ̀. "Gardner, ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti orí àpáta yẹn sí ògiri bíríkì ẹ?" "Bíi mẹ́wàá." "Ta ló ri páìpù ilé ẹ?" "Ìwọ ni." "Ó dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀tù síbẹ̀, yá garawa lọ́wọ́ Anselmo o, torí inú ẹ̀ lo máa ti máa wẹ̀." Ẹ̀rín bú. Anselmo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Pell jókòó, etí rẹ̀ pọ́n bí ata.

Thacher ń pe orúkọ wa. Bearse ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyáàfin Hoxie pa ìwé rẹ̀ dé kó tó dáhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí ilẹ̀ ni o, kì í ṣe nítorí omijé." Ó kàn mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Thacher náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pé mẹ́rin. Odette ké, ó dì mọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, Pell ló sì bá níbẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Bàbá rẹ̀ kàn bi í pé, "Ṣé ó parí?" Ó kọ́ bọ́tìnnì àwọ̀lékè rẹ̀, ó lọ láìbọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, Odette ní bàbá òun kò dé inú ọgbà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí pé ilẹ̀ wọn kò tó bí wọ́n ṣe rò, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń sùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Adelé ni wọ́n máa ń gbé ìwé ìdájọ́ fún láti kọ, nítorí ojú àwọn àgbà kò ríran mọ́. Mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ: bí àpáta náà ṣe gbòòrò tó, bí ọ̀pá ṣe wọlé tó, pé ilẹ̀ Pell kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yìí yóò wọ inú ìwé ilẹ̀ ní káńtì, ìjọba agbègbè wa, yóò sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wa, tí yóò máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i pé ilẹ̀ Anselmo Furtado burú. Ìyẹn ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo wá fi gbólóhùn kan kún un: "Gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí àpáta náà, ẹni tó ni ilẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o débẹ̀." Thacher fi pẹ́ńsùlù kàn án, ó ní, "Èyí ò wúlò. Òfin ò béèrè ẹni tó kó iyẹ̀pẹ̀." Ìyáàfin Hoxie ní, "Winslow, ṣé irọ́ ni?" "Kì í ṣe irọ́." "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí a fi ìwé náà lé akọ̀wé ìlú lọ́wọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ogún ọjọ́. Láàárín rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ìdájọ́ wa kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí kóòtù, kó sì mú ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ wá fún akọ̀wé. Odette ò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ kan kí ó tó pé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí Pell pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ táì, wọ́n ń fi okùn wọn ẹ̀bá ààlà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó wá síbí, ó ní kí n yá òun ní ìwé òfin ilé kíkọ́. Mo fi ẹ̀rín músẹ́ lù ú ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún, ó tún gbé àpòòwé ńlá kan sí abẹ́ apá kọjá. Òní ló pé ogún. Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀ báyìí, mo sì ti lọ sójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbí, kí n lè ráyè ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ máa rántí wa nínú àdúrà yín. Kí Olúwa jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa gbé yín, kí ilé yín má ṣe ga ju agbára yín lọ, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu yín, kí ojú yín rí gbogbo wa ní ìdùnnú kí ọdún yìí tó yí. Ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi fi pẹ́ńsùlù pupa tún gbogbo àṣìṣe inú lẹ́tà yìí ṣe, kí ẹ sì dá a padà, ẹ má ṣàánú mi.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín tó ń retí èsì yín,
Ìbídùn.

Ọ̀rọ̀ àfikún: Mi ò tíì lẹ àpòòwé pa tí Pell fi dé. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́! Mi ò wọ aṣọ òtútù, mo sá kọjá títì. Mo bá a níwájú akọ̀wé ìlú, Dot Kinnear, tí ojú òun náà ti funfun. Pell ní, "Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá." Dot ní, "Kò tíì kọjá, Gardner. O ṣì ní ogún ìṣẹ́jú." "Kì í ṣe àná ló parí ni?" "Kí ló parí lánàá?" "Ti ajá." Ìwé àṣẹ ajá rẹ̀ ló wá gbà! Dot lù ú ní òǹtẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. Pell wò mí, ó ní kí ló dé tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun tí kò jẹ́ kó lọ sí kóòtù, mi ò bi í.

Aago mẹ́rin lù, Dot fọwọ́ sí i pé kò sí ẹjọ́, Odette gbé ìwé lọ sílé, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Potogí fún bàbá rẹ̀ lẹ́bàá àga ilé ìdáná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán. Ó ní nígbà tí òun dé ibi tí a ti sọ ẹni tó kó iyẹ̀pẹ̀, bàbá ní kóun tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá wá ní, "Ewé òkun dà? Ọdún mẹ́ta dà? Wọ́n ò kọ garawa síbẹ̀. Ìwé yìí ò pé. Mo fẹ́ pe ẹjọ́." Odette ní, "Bàbá, ogún ọjọ́ ti pé, aago mẹ́rin ti lù." Bàbá ní kó gbé fóònù ilé fún òun, kóun bá alága sọ̀rọ̀. Títí tí Odette fi pè mí láti fóònù tirẹ̀, Anselmo àti Thacher ṣì wà lórí ẹ̀.